Hayes Kú, Èdè Rẹ̀ Kò Kú: Ìbéèrè Tí Ìtàn Módẹ́ẹ̀mù Gbé Ka Iwájú Wa ní Òde Ugbò

Ẹni tí ó bá ti ra ẹja rí létí omi ní agbègbè Òde Ugbò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Oníbàárà ti yan ẹja, wọ́n ti ná an, owó ti wọ̀. Ó mú káàdì báńkì jáde, ọmọ tí ń ṣe POS sì fi káàdì náà bọ inú ẹ̀rọ. Ohun tí ó kù kò ju kí ẹ̀rọ náà bá báńkì sọ̀rọ̀ lọ. Ni gbogbo wọn bá ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tí oníbàárà fẹ́ wọ̀ ti ń pe èrò. "Ẹ má bínú, màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Nígbà mìíràn owó á ti jáde nínú àpò oníbàárà, kò sì ní dé àpò ìyá ẹlẹ́ja. Ìjà á bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé módẹ́ẹ̀mù kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yẹn. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí ó sì ń gbé èsì bọ̀. Èdè tí wọ́n sì fi ń pàṣẹ fún irú módẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èdè tuntun. Ní 1981 ni ó dé ọjà, láti ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá èdè náà sílẹ̀, Hayes Microcomputer Products, ti kógbá wọlé láti 1999. Ilé-iṣẹ́ ti kú, èdè rẹ̀ ṣì ń jíṣẹ́ létí omi Ìlàjẹ.

Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí ni mo fi ń ka ìtàn Hayes, òun náà ni mo sì fẹ́ fi yẹ àwọn tí ó gba àkóso ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ wa wò. Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí módẹ́ẹ̀mù jẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá ayé rẹ̀ pàdé. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ta wáyà tẹlifóònù fún. Kọ̀ǹpútà kò sì ní ohùn. Òǹkà méjì péré ni ó mọ̀, òdo àti oókan. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni láti sọ òǹkà wọ̀nyí di ohùn tí wáyà lè gbé, kí módẹ́ẹ̀mù tí ó wà ní ìkángun kejì sì tú ohùn náà padà sí òǹkà. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Bí àyàn ṣe ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí dùndún, tí ẹni tí ó gbọ́ ìlù sì ń mọ ohun tí ìlù wí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú ìlànà kan tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell gbé jáde ní 1962, módẹ́ẹ̀mù tí ó pe èkejì máa ń súfèé tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,270 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi sọ pé oókan, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1,070 láti fi sọ pé òdo. Ohùn méjì mìíràn tí ó ga ju ìwọ̀nyí lọ ni módẹ́ẹ̀mù tí a pè fi ń dáhùn, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì má baà dàrú mọ́ra.

Ìlù náà kò yára. Nǹkan bí 30 lẹ́tà ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní kí ó gbé àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà yìí, yóò gbà á tó ìṣẹ́jú méje. Bí ó bá tilẹ̀ gbé e dé, kò ní sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, nítorí ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àkójọ àmì 128 tí àwọn kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà fi ń kọ̀wé sí ara wọn nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn kan ti wà tí a kò rántí nígbà tí a ń ṣe ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà yìí, òfin ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, AT&T, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú tẹlifóònù Amẹ́ríkà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni so ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ wáyà. Ọkùnrin ará Texas kan tí ń jẹ́ Thomas Carter ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba. Ó ti ṣe ẹ̀rọ kan, Carterfone, tí ó ń so rédíò alágbèéká pọ̀ mọ́ tẹlifóònù. Ta ni ó ṣe é fún? Àwọn tí ń sin màlúù ní pápá ńláńlá àti àwọn tí ń wa epo rọ̀bì ní ibi tí wáyà kò dé. AT&T ní èèwọ̀ ni. Ní 1968, FCC, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, dá Carter láre: ẹnikẹ́ni lè so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ wáyà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ba wáyà jẹ́. Ó tún gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó jà á parí bí ìlànà náà yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹjọ́ tí ó ṣí ọ̀nà fún módẹ́ẹ̀mù, láti ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé àwọn ènìyàn, orí àwọn tí ń gbé níbi tí wáyà kò dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ epo sì wà nínú wọn. Etíkun Ìlàjẹ ni ó jẹ́ kí a máa ka ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí ń pèsè epo rọ̀bì. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu ilẹ̀kùn tí ó ṣí yìí ni Dennis Hayes àti Dale Heatherington gbà wọlé. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Atlanta. Ní 1977 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn to módẹ́ẹ̀mù lórí tábìlì ìjẹun nílé Hayes, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà nílé fún ìgbádùn ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1978 wọ́n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ní 1979 wọ́n gbé Micromodem II jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù: módẹ́ẹ̀mù tí ó bá kọ̀ǹpútà kan mu kò bá òmíràn mu. Bí ènìyàn bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ó di dandan kí ó pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù.

Ní 1981 ni wọ́n wá gbé Smartmodem jáde. Àpótí irin pẹlẹbẹ ni, iná pupa kéékèèké tò sí iwájú rẹ̀, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà yòówù tí ó bá ní ihò ìsopọ̀ tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ṣiṣẹ́. Ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá kì í ṣe àpótí náà. Èdè tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni. Lẹ́tà méjì, AT, ni àwọn àṣẹ rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni tí ó túmọ̀ sí "fetí sílẹ̀". Bí akéde ṣe máa ń lu agogo kí ó tó jíṣẹ́ ọba, bẹ́ẹ̀ ni AT ṣe ń ṣíwájú àṣẹ. Bí D bá tẹ̀ lé e, módẹ́ẹ̀mù á pe nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ A, á dáhùn ìpè. Bí ó bá jẹ́ H, á gbé fóònù kalẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ìdí ọ̀rọ̀ kan ló le. Ojú ọ̀nà kan náà ni àṣẹ àti ọ̀rọ̀ tí módẹ́ẹ̀mù ń gbé jọ ń gbà wọlé. Báwo ni ó ṣe máa mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí báyìí, pé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí òun jẹ́? Heatherington ni ó tú kókó náà. Kí kọ̀ǹpútà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó fi àmì ìròpọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́, kí ó tún dákẹ́. Ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn náà máa ń dánu dúró, á wúkọ́ díẹ̀, kí àwọn tí ń gbọ́ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni ó fẹ́ sọ báyìí.

Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ẹni tí ń ṣe módẹ́ẹ̀mù ni ó ń lo èdè yìí. Wọ́n a máa kọ ọ́ sára páálí ọjà wọn pé ó bá ti Hayes mu, nítorí oníbàárà kò ní rà á bí kò bá bá a mu. Ní 1982 Smartmodem tí ó yára ní ìlọ́po mẹ́rin jáde, nǹkan bí 700 dọ́là ni wọ́n ń tà á, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Ìgbà dẹ Hayes lọ́rùn.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àṣẹ AT fúnra rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tí ó bá wù ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àmì ìròpọ̀ mẹ́ta yẹn, ní 1985 ìjọba Amẹ́ríkà fún ilé-iṣẹ́ Hayes ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ pé òun ni ó ni ín. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́ àwọn abánidíje. Àwọn kan san án. Àwọn kan kọ̀, wọ́n sì gbé ara wọn dé ilé-ẹjọ́, Hayes sì jàre. Àwọn mìíràn kò jà, wọn kò sì san. Wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà, wọ́n ṣe ìlànà tí kò nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èmi kò sọ pé ó burú kí olóko jẹ nínú oko rẹ̀. Ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó jèrè rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé apá tí ó wà ní gbangba ni ó di ti gbogbo ayé, apá tí wọ́n ṣọgbà yí ká sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ọ̀nà fò kọjá.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń ja èyí, ọjà ń sá lọ níwájú rẹ̀. USRobotics, ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè Chicago, ń gbé módẹ́ẹ̀mù tí ó yára ju tirẹ̀ lọ jáde. Nígbà tí Hayes náà ṣe èyí tí ó yára, ó kọ́kọ́ lo ìlànà tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí kò lè fi bá módẹ́ẹ̀mù àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìyára yẹn. Ẹ gbọ́ o: ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ ayé ní èdè kan ṣoṣo ni ó wá ń sọ èdè tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Láìpẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Rockwell bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkàn módẹ́ẹ̀mù fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ to tirẹ̀, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ wìì.

Ní oṣù kọkànlá 1994, gbèsè wọ Hayes lọ́rùn, ó sì sá sábẹ́ òfin tí ń dáàbò bo onígbèsè. Ó jáde níbẹ̀ ní 1996. Ní 1997 ó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kẹwàá 1998 ó tún padà sábẹ́ òfin onígbèsè, nígbà tí ó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1999, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì ń ta ohun ìní rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń ṣe módẹ́ẹ̀mù, Zoom, ni ó ra orúkọ náà. Àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni gbogbo ayé ń wọ́ tìrítìrí lọ ra módẹ́ẹ̀mù láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Etí odò ni òùngbẹ gbẹ Hayes pa.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń ṣètò fóònù alágbèéká ní ilẹ̀ Yúróòpù ń wá èdè tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa bá fóònù sọ̀rọ̀, AT ni wọ́n mú. Wọ́n fi àwọn àṣẹ tuntun kún un, ìyẹn ti àtẹ̀jíṣẹ́ àti ti wíwo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó. Ìdí nìyí tí módẹ́ẹ̀mù inú POS, ti mítà iná àti ti ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ fi ń gbọ́ ọ títí di òní. Ẹni tí ó bá so módẹ́ẹ̀mù alágbèéká tí a ń fi síìmù sí mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó sì tẹ AT sí i, yóò rí i pé ó dáhùn. Hayes kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn tán.

Nígbà tí Hayes ń kógbá wọlé ní Georgia, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa? Ní 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀, tí ó sì fi wáyà tẹlifóònù gbogbo Nàìjíríà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Títí di 2001, wáyà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni a lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ènìyàn. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Linkserve bẹ̀rẹ̀ sí í ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1990, wáyà NITEL ni módẹ́ẹ̀mù ní láti gbà. Ẹni tí kò ní wáyà, módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìlù tí kò ní awọ.

Ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù alágbèéká dé, láti ọwọ́ Econet àti MTN. NITEL kò lè bá wọn sáré. Wọ́n tà á, wọn kò tà á. Wọ́n gbé e fún ẹni yìí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 2015 kí ilé-iṣẹ́ NATCOM tó gba ohun ìní rẹ̀ tán, ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù dọ́là. Hayes kú, ó fi èdè sílẹ̀. NITEL kú, òpó àti ilé àdádó ni ó fi sílẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ń to ìwé lórí ìwé nítorí owó wọn.

Ní Òde Ugbò àti àwọn ìletò tí ó yí i ká ńkọ́? Ayé módẹ́ẹ̀mù ré ibẹ̀ kọjá ni. Ọgbọ́n Hayes ni pé kò ta wáyà kankan. Wáyà tí ó ti wà nílẹ̀ fún ohùn ni ó gùn. Ọgbọ́n náà kò sì lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí wáyà láti gùn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó àti Ìbàdàn ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nípa gbígbọ́ igbe módẹ́ẹ̀mù lóru, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní etíkun kò gbọ́ igbe kankan ju ti òkun lọ. Kì í ṣe pé wọn kò ní làákàyè. Ìlàjẹ tí ó ń wa ọkọ̀ ẹja títí dé Kamẹrúùnù àti Gabon, tí ó ń mọ ọ̀nà lórí agbami láìsí àmì ojú pópó, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ máa bà lẹ́rù. Ọ̀nà ni a kò gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀nà tuntun náà ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3, tí ó ti ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà láti 2002, gúnlẹ̀ sí Èkó, láti ibẹ̀ ó sì gba inú òkun lọ sí Douala ní Kamẹrúùnù. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé etíkun Ìlàjẹ wà láàárín ìlú méjèèjì. Òkun tí ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lọ díẹ̀díẹ̀, òun náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ ayé sínú, tí kò sì sọ ọ̀kan kalẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin, SAT-3 náà wà nínú wọn, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun tí ó wà níwájú Abidjan. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù mẹ́hẹ ní Nàìjíríà, ariwo sì sọ. Àwọn aláṣẹ ṣàlàyé, àwọn oníròyìn kọ̀wé, àwọn oníṣòwò bínú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe Èkó fún ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni ìyá ẹlẹ́ja létí omi ń bá a yí, kò sì sí oníròyìn kankan tí ó ń kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Àwọn tí òkun ń lé kúrò nílé, àwọn tí iná ìjọba kò bá ojú wọn, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó kàn?" Ọ̀rọ̀ náà jọ ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹni tí òkun ń lé ni ó nílò ìkìlọ̀ jù. Bí ìgbì bá ń ru bọ̀ lóru, fóònù ni ìletò kan lè fi jí ìletò kejì. Bí aboyún bá rọbí, fóònù ni a fi ń wá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. Ọmọ tí a bí sí ìletò tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí ìforúkọsílẹ̀, á tún wọ̀ ọ́ nítorí ìdánwò, ó sì ṣeé ṣe kí ọjọ́ ìdánwò jẹ́ ìgbà kejì tí yóò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Òun àti ọmọ Ìkẹjà ni a ó sì fi máàkì kan náà wọ̀n.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí èrè níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù: omi pọ̀, èrò fọ́n káàkiri, ọkọ̀ ni a fi ń gbé dísù lọ sí ìdí òpó. Òótọ́ ni. Nítorí òótọ́ yìí gan-an ni òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ṣe dá àpò owó kan sílẹ̀, tí a mọ̀ sí USPF, kí a lè fi gbé ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí ọjà nìkan kò lè gbé e dé. Inú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń san fún NCC, àjọ tí ń ṣàkóso wọn, ni apá kan nínú owó yìí ti ń wá. Kì í ṣe àánú ni a ń tọrọ. Ohun tí òfin ti ṣèlérí ni a ń béèrè.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ ní ṣíṣe.

Èkínní, kí a jáwọ́ nínú kíka iye òpó. Wákàtí tí òpó fi ń ṣiṣẹ́ ni kí a máa kà. Òpó tí ó ń kú nígbà tí dísù bá tán kò yàtọ̀ sí ère tí a gbé kalẹ̀. Kí NCC máa sọ fún gbogbo ayé, ìlú sí ìlú, wákàtí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi wà ní Òde Ugbò, ní Ayétòrò àti ní àwọn ìletò yòókù. Kí owó USPF sì ra iná oòrùn sí ìdí àwọn òpó wọ̀nyí, nítorí oòrùn kò nílò ọkọ̀ ojú omi.

Èkejì, kí òpó kan máa gbọ́ ti gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní 2020, NCC fọwọ́ sí ìdánwò kan láàárín MTN àti 9mobile, kí oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan lè lo òpó èkejì níbi tí tirẹ̀ kò bá dé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an ni wọ́n yàn fún ìdánwò náà. Etíkun ni ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ́ Hayes nìyí: ohun tí ó bá gbogbo ènìyàn mu ni ó ń pẹ́ láyé. Òpó mẹ́ta tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ lórí omi kan náà, owó ni a kàn ń rì sómi.

Ẹ̀kẹta, kí OSOPADEC, àjọ tí ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè tí ń pèsè epo, fi kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ àti olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò sí ilé ẹ̀kọ́ girama létíkun, kí àwọn ọmọ lè jókòó ṣe ìdánwò wọn nílé. Kí wọ́n má sì mọ sí títẹ bọ́tìnnì nìkan. Kí a kọ́ wọn ní ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Módẹ́ẹ̀mù tí a ń fi síìmù sí kò wọ́n, èdè AT kò le, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè fi bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì léèrè bí agbára rẹ̀ ti tó, kí ó kọ èsì sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá ń ṣe èyí létíkun fún sáà kan péré, àwọn aláṣẹ kò ní lè sọ fún wa mọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí. Àwọn ọmọ náà á ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì ti mọ iṣẹ́ kan tí wọ́n lè fi jẹun.

Àwọn òṣìṣẹ́ epo Texas rí Carter tí ó bá wọn ja ìjà tiwọn dé iwájú FCC, ìjà náà sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Àwọn ará etíkun Ìlàjẹ ti ń retí Carter tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lè jẹ́ aṣòfin. Ó lè jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ní módẹ́ẹ̀mù kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àwọn tí àkóso ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn lónìí, ní Àbújá, ní Àkúrẹ́ àti ní olú ilé-iṣẹ́ fóònù ní Èkó, kí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí yóò kù lẹ́yìn wọn. Ilé-iṣẹ́ á kógbá wọlé lọ́jọ́ kan, sáà òṣèlú á parí. Bí ìyá ẹlẹ́ja Òde Ugbò bá lè gba owó ẹja rẹ̀ kí ọkọ̀ oníbàárà tó ṣí, a jẹ́ pé ẹnìkan kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn.